Àjọkẹ́, Kí O Tó Lọ Wẹ Ọmọ

Òkè-Àdó,
Ìbàdàn.
Ọjọ́ 9, oṣù Kẹsàn-án.

Àjọkẹ́ àbúrò mi,

Mo kí yín kú oríire ọmọ tuntun tí Ọlọ́run fi ta wá lọ́rẹ ní Manchester.

Ọ̀rọ̀ tí a jọ sọ lálẹ́ ọjọ́ Àìkú kò tán nínú mi. O ní Dàpọ̀ ọmọ rẹ pè ọ́ pé ìyá Mosún ìyàwó rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ wá bá wọn tọ́jú ọmọ, pé bí ìyá náà bá lo oṣù 3 tó padà sílé, kí ìwọ náà wá máa bọ̀. O ní, "Àbí èmi kọ́ ni mo bí ọkọ ni?" Mo gbọ́ ẹkún nínú ohùn rẹ, ìdí nìyẹn tí n kò fi sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ohun tó wà lọ́kàn mi gùn ju ti orí fóònù lọ. Jọ̀wọ́, dá nìkan ka lẹ́tà yìí. Má kà á sétí àwọn obìnrin ilé ọkọ rẹ.

Lójú tèmi, kò sẹ́ni tó fi ìwọ̀sí lọ̀ ọ́. Iṣẹ́ agbẹ̀bí tí mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì jẹ́ kí n mọ bí obìnrin ṣe máa ń rí ní ọ̀sẹ̀ tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Ẹ̀jẹ̀ ṣì ń bọ̀ lára rẹ̀. Bí wọ́n bá rán an lójú ara, ìjókòó gan-an nira fún un. Ọmú á le, á máa ro ó, aṣọ á máa tutù láyà rẹ̀. Ẹkún á dé lójijì, kò sì ní mọ ohun tó ń pa òun lẹ́kún. Ní irú àsìkò bẹ́ẹ̀, ẹni tó ti rí ìhòòhò rẹ̀ láti kékeré ni ara rẹ̀ máa ń balẹ̀ fún. Nígbà tí o ń rọbí Dàpọ̀, èmi ni mo dúró tì ọ́, mo sì gbọ́ ẹni tí o ń pè. "Ìyá mi o! Ìyá mi o!" ni. O kò pe ìyá ọkọ rẹ, bẹ́ẹ̀ ìyá náà fẹ́ràn rẹ dénú, gbogbo wa la mọ̀.

O ní àṣà wa ni pé kí ìyá ọkọ wẹ ọmọ. Bẹ́ẹ̀ ni, àṣà wa ni. Ṣùgbọ́n àṣà náà ní ibi tó ti wá. Ní agbo ilé tí wọ́n gbé mi sí ní Ìṣẹ́yìn, ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n máa ń mú ìyàwó wọlé. Àwọn ìyàwó ilé á bu omi sí i lẹ́sẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà kó tó kọjá sínú ilé. Láti ọjọ́ náà lọ, gbogbo ẹni tí wọ́n bí sínú ilé náà ṣáájú kó tó dé ti di ọkọ rẹ̀, títí kan ọmọ ọwọ́ tí wọ́n ṣì ń pọ̀n. Kò gbọdọ̀ pè wọ́n lórúkọ. Òun fúnra rẹ̀ ni yóò wá orúkọ tí yóò máa pè wọ́n: Ìbàdí-àrán, Akọ̀wé, Eyínfúnjowó, Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́. Ọjọ́ tó wọlé ni wọ́n fi ń mọ ẹni tó jù ú lọ àti ẹni tó kéré sí i nínú ilé ọkọ. Fádípẹ̀ kọ nípa ètò yìí nínú iṣẹ́ tó fi gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1939, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní Yunifásítì Ìbàdàn ní 1970 lẹ́yìn tó ti kú. Oyèrónkẹ́ Oyěwùmí náà gbé àlàyé rẹ̀ kà á nínú ìwé tirẹ̀ ní 1997. Nínú ilé Yorùbá, ẹni tó kọ́kọ́ wọlé ni àgbà.

Ìyá ọkọ ti pẹ́ nínú ilé yẹn. Ó mọ ìkòkò tí wọ́n fi ń se àgbo, ó mọ ibi tí òrí wà, ó mọ ẹni tí kò yẹ kó gbé ọmọ tuntun. Ìyá ìyàwó ní tirẹ̀ ń gbé ní agbo ilé mìíràn, nígbà mìíràn ní ìlú mìíràn. Yóò wá síbi ìkómọjáde pẹ̀lú àwọn èèyàn rẹ̀, yóò jẹ, yóò mu, yóò sì padà. Ojú ń tì í láti sùn mọ́jú nílé àna rẹ̀, ká má tilẹ̀ sọ pé kó lo oṣù kan níbẹ̀. Báyìí ni ọmọ wíwẹ̀ ṣe bọ́ sọ́wọ́ ìyá ọkọ. Ibi tó ń gbé ló fi iṣẹ́ náà lé e lọ́wọ́.

Wá wo ibi tí ìwọ ń lọ wàyí. Yàrá 2 àti pálọ̀ ni, tí Dàpọ̀ àti Mosún jọ ń san owó rẹ̀ lóṣooṣù. Mosún ló mọ bí wọ́n ṣe ń tan hítà, òun ló mọ aládùúgbò tí kì í fẹ́ ariwo, òun ló mọ kọ́bọ́ọ̀dù tó kó aṣọ ọmọ sí. Láyé àwọn ìyá ọkọ wa, ìyàwó ló ń wọlé bá ìyá ọkọ. Lọ́tẹ̀ yìí, ìyá ọkọ ló ń wọlé bá ìyàwó. Bí a bá sì fẹ́ tẹ̀ lé ìlànà àwọn baba wa délẹ̀délẹ̀, a jẹ́ pé Mosún ni ìyálé nínú ilé yẹn, ìwọ ni ìyàwó tuntun. Má bínú, Àjọkẹ́, mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà le. Mosún yóò kúnlẹ̀ kí ọ láràárọ̀, ọmọ tó ní ẹ̀kọ́ ilé ni. Ṣùgbọ́n bí o bá fẹ́ gbé ìkòkò kaná, bi í léèrè kó o tó gbé e. Bí o bá rí i pé ó to àwo síbi tí kò tọ́ lójú rẹ, fi í síbẹ̀.

Mo ti ro ohun tó ń jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ìyàwó ọmọ máa gún àwa ìyá lọ́kàn tó bẹ́ẹ̀. Àwọn èèyàn á ní ìlara ni. Àwọn fíìmù wa á sọ ìyá ọkọ di àjẹ́, tàbí ẹni tó ń bu májèlé sọ́bẹ̀. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ìbẹ̀rù ni mo rí níbẹ̀, ìbẹ̀rù náà sì ní ìdí. Lábẹ́ àṣà wa, ìyàwó kì í jogún ọkọ. Bí ọkọ olóbìnrin púpọ̀ bá kú, ìdí igi ni wọ́n fi ń pín ohun tó fi sílẹ̀: iye ìyàwó tó bímọ fún un ni wọ́n á pín in sí, àwọn ọmọ ìyá kọ̀ọ̀kan á sì gba tiwọn. Rántí ẹjọ́ ìdílé Dáwódù ti Èkó, ọkùnrin tó kú ní 1940 tó fi ìyàwó 4 àti ọmọ 9 sílẹ̀. Ẹjọ́ náà rìn títí ó fi dé Lọ́ńdọ̀nù, ní 1962 ni wọ́n sì tó fìdí rẹ̀ múlẹ̀ níbẹ̀ pé ìdí igi ni àṣà Yorùbá. Ọ̀nà 4 ni wọ́n pín in sí. Nínú gbogbo ìṣirò yẹn, kò síbi tí wọ́n ti pín nǹkan fún ìyá fúnra rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ ló fi ní ilé tó ń gbé.

Nígbà tí ó jẹ́ pé ọmọ yẹn ni ilẹ̀ tí obìnrin fi ẹsẹ̀ tẹ̀ nílé ọkọ, tí ọmọge kan wá dé tó di ọmọ náà mú, báwo ni kò ṣe ní wò ó tìfura-tìfura? Ìyá wa bẹ̀rù báyìí. Ìyá tó bí ìyá wa náà bẹ̀rù báyìí. Ìwọ ńkọ́? Ilé rẹ wà ní Ọ̀yọ́, orúkọ rẹ ló wà lórí ìwé rẹ̀. Owó ìfẹ̀yìntì rẹ ń wọlé. Kò sí ohun kan tí Mosún lè gbà mọ́ ọ lọ́wọ́. Ìbẹ̀rù tó ń pa ọ́ lẹ́kún yìí, a jogún rẹ̀ ni lọ́wọ́ àwọn tó ní ìdí láti bẹ̀rù.

Mo ti rí ibi tí ìbẹ̀rù yìí máa ń gbé èèyàn dé. Ní wọ́ọ̀dù ìbímọ kan tí mo ti ṣiṣẹ́, aboyún kan rọbí títí, ọmọ kò sọ̀ kalẹ̀. Dókítà ní iṣẹ́ abẹ ló kù. Aboyún náà gbà. Ọkọ rẹ̀ fẹ́ gbà, ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ní ìyàwó ọmọ òun yóò bí wẹ́rẹ́ bí àwọn obìnrin Hébérù, pé wọn kì í fi ọ̀bẹ kan obìnrin nínú ìdílé àwọn. Ọkọ kò lè wo ojú ìyá rẹ̀ kó fọwọ́ sí ìwé. Nígbà tó fi máa fọwọ́ sí i, ọmọ ti kú sínú. Bẹ́ẹ̀ ìyá yẹn fẹ́ ọmọ-ọmọ ju ohunkóhun lọ láyé, ó sunkún débi pé bẹ́ẹ̀dì la gbé òun náà sí. Obìnrin tó wà lórí tábìlì ni n kò lè gbàgbé. Nígbà tó jí, ohun tó kọ́kọ́ bi mí ni bóyá ìyá ọkọ òun ti lọ sílé.

Ní ṣọ́ọ̀ṣì, bí ìgbéyàwó bá wà, Rúùtù ni wọ́n máa ń fi wàásù fún ìyàwó, pé kó fara mọ́ ìyá ọkọ, kó tẹ̀ lé e dé ibikíbi. N kò tíì gbọ́ kí wọ́n fi Náómì wàásù fún ìyá ọkọ. Bẹ́ẹ̀ Náómì ló kọ́kọ́ ṣe oore. Opó ni, ọmọ rẹ̀ méjèèjì ti kú, àwọn ìyàwó ọmọ nìkan ló kù ún kù lẹ́yìn odi, síbẹ̀ ó ní kí wọ́n padà sílé ìyá wọn, kí wọ́n lọ fẹ́ ọkọ mìíràn. Orpa lọ, Náómì kò ṣépè fún un. Lẹ́yìn tó ti tú àwọn méjèèjì sílẹ̀ ni Rúùtù tó ní òun kò lọ.

Ìyá ọkọ tèmi kò mọ ìwé. Òwú ló ń tà fún àwọn ahunṣọ òfì ní Ìṣẹ́yìn. Bí mo bá ti ibi iṣẹ́ òru dé, á gbé ọmọ lọ sójúde kí n lè sùn, ẹni tó bá sì wá pè mí, á ní n kò sí nílé. Kò bi mí rí pé èló ni wọ́n ń san fún mi. Bí èmi àti ọkọ mi bá ní gbólóhùn asọ̀, á pe ọmọ rẹ̀ wọ yàrá, á ti ilẹ̀kùn. Ohun tó máa ń bá a sọ níbẹ̀, n kò mọ̀ ọ́n títí ìyá fi kú. Ọmọ rẹ̀ kì í jẹ̀bi níwájú mi, èmi náà kì í jẹ̀bi níwájú ọmọ rẹ̀. Nígbà tí mo bí àkọ́bí mi, omi ọmọ ń gbóná lọ́wọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ki ọmọ náà ní oríkì ilé wọn, ó ń dúró díẹ̀díẹ̀ kí n lè máa gbè é. Báyìí ni mo ṣe mọ̀ ọ́n.

Ibi tí mo ń bọ̀ gan-an nìyí, Àjọkẹ́. Kò sẹ́ni tó bí ìyá ọkọ mi sílé yẹn. Wọ́n bu omi sí òun náà lẹ́sẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ẹni tó kọ́ ìwọ náà ní oríkì ará Ìkòyí nílé ọkọ rẹ, ìyàwó ni òun náà nígbà tó kọ́ ọ. Karin Barber tó gbé ní Òkukù fún ọdún mélòó kan tó sì kọ ìwé ńlá lórí oríkì sọ nípa àwọn obìnrin tí wọ́n gbé wá sílé ọkọ, tí wọ́n wá mọ oríkì ilé náà dé gbòǹgbò. Ọ̀nà tí ìwọ àti Mosún gbà wọ ìdílé yẹn, ọ̀kan náà ni. Ìyá Mosún yóò ti máa ki ọmọ náà ní oríkì ilé tirẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ọmọ sì ní ẹ̀tọ́ sí i. Ti Ìkòyí kò lè dé etí rẹ̀ àfi bí o bá gbé e lọ. Dàpọ̀ kò mọ̀ ju ìlà méjì lọ, ìwọ náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Máa kì í fún ọmọ bí o bá ń fi òrí pa á lára, bí Mosún bá sì fẹ́ fi fóònù gbà á sílẹ̀, máa dúró díẹ̀díẹ̀ fún un.

Ní ti ìtọ́jú ọmọ fúnra rẹ̀, agbẹ̀bí ló ń bá ọ sọ̀rọ̀ báyìí, n kò ní fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n. Má fún ọmọ náà lómi títí yóò fi pé oṣù 6. Mo mọ̀ pé o máa ní gbogbo wa la mu omi. Omi ló pọ̀ jù nínú ọmú ìyá, ó lé ní 80 nínú ìwọ̀n 100, òùngbẹ kò lè gbẹ ọmọ tó ń mu ọmú dáadáa. Bí o bá fún un lómi, ikùn rẹ̀ á kún, kò ní fa ọmú tó, bí kò bá sì fa ọmú tó, ọmú á dínkù. Láti 1991 tí WHO àti UNICEF ti dá ètò ilé ìwòsàn tó ń gbárùkù ti fífún ọmọ lọ́mú sílẹ̀ ni àwọn agbẹ̀bí ti ń tẹnu mọ́ ọn pé kí wọ́n má fún ọmọ ọwọ́ lómi. Ọdún náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìpolongo ní Britain pé kí ọmọ máa sùn lórí ẹ̀yìn, iye ọmọ tí ń kú lójú oorun sì já wálẹ̀ gidigidi. Nítorí náà, bí o bá rí i tí Mosún tẹ́ ọmọ kalẹ̀ lórí ẹ̀yìn, má dà á dé láti fi tẹ̀ ẹ́ lóorun. Má fi aṣọ mẹ́ta lé aṣọ mẹ́ta lára rẹ̀, má sì dé e ní fìlà nínú ilé bó bá ń sùn. Ohun tí wọ́n ń sọ fún àwọn òbí níbẹ̀ ni pé kí yàrá ọmọ wà láàárín ìwọ̀n 16 sí 20 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ìyẹn sì máa dà bí òtútù lójú rẹ. Má gbé àgbo lọ. Má ní kí Mosún jókòó lé omi gbígbóná, mo ti tọ́jú ẹni tó jó nídìí nípa bẹ́ẹ̀. Òrí, gbé e lọ. Pọn ọmọ dáadáa, kò sóhun tó burú níbẹ̀. Se ẹ̀kọ gbígbóná àti ọbẹ̀ ata fún Mosún bó bá fẹ́.

O máa rí i tí Dàpọ̀ ń pààrọ̀ pámpásì, tó ń fọ abọ́, tó ń gbálẹ̀. Ọ̀sẹ̀ 2 péré ni wọ́n ń fún bàbá ọmọ nísinmi níbẹ̀, nígbà tí o bá fi dé, yóò ti máa ti ibi iṣẹ́ bọ̀ kó tó ṣe é. Má gba abọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pẹ̀lú ìmí ẹ̀dùn. Má sọ pé o kò rí bàbá rẹ̀ kó ṣe bẹ́ẹ̀. Èmi yóò kọ̀wé sí òun náà lọ́tọ̀. Ohun tó ń dùn mí nípa àwọn ọmọkùnrin wa ni pé ọ̀rọ̀ tó yẹ kí wọ́n bá ìyá wọn sọ, ìyàwó ni wọ́n máa ń jẹ́ kó sọ ọ́, wọ́n á wá bá ẹ̀yìn jáde bí ẹni tí kò gbọ́. Màá sọ fún un pé bí nǹkan kan bá kù díẹ̀ káàtó, kí òun fúnra rẹ̀ jókòó tì ọ́ kó sọ ọ́. Bó bá sì sọ ọ́, Àjọkẹ́, má ní Mosún ló kọ́ ọ.

Físà rẹ kò lè ju oṣù 6 lọ. Má lò ó tán nítorí pé wọ́n fún ọ. Bi wọ́n léèrè iye ọ̀sẹ̀ tí wọ́n fẹ́, kí o sì ra tíkẹ́ẹ̀tì àlọ àti àbọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ohun tó bá ṣẹlẹ̀ nínú ilé wọn, má gbé e sórí WhatsApp fún àwọn ẹ̀gbọ́n Dàpọ̀. Má di ẹran sápótí o, wọn kì í jẹ́ kó wọ ìlú náà. Èlùbọ́, irú àti gaàrí, Mosún ni kí o bi léèrè ohun tó fẹ́ nínú wọn àti iye tó fẹ́, Dàpọ̀ kò mọ ohun tó ṣẹ́ kù nínú kọ́bọ́ọ̀dù.

Ṣùgbọ́n kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí, pe ìyá Mosún. Ó ti wà níbẹ̀ báyìí, oorun kò sì ní tó o. Kí i kú ìtọ́jú ọmọ, bi í léèrè bí ọmú ṣe ń lọ, bóyá ojú ibi tí wọ́n rán ti jinná, bóyá ọmọ ń sùn lóru. Bi í léèrè ohun tó fẹ́ kí o máa bá lọ nígbà tí o bá dé. Nọ́ńbà tó ń lò níbẹ̀ wà lọ́wọ́ Dàpọ̀.

Òrí tuntun ti dé láti Ṣakí, mo ti bu tìrẹ sínú ike, màá fi rán ọmọ tó bá ń bọ̀ lọ́nà Ọ̀yọ́.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ,
Àdùkẹ́.